Ẹ Jẹ́ Kí A Gba Odò Ẹ̀yìn Ọjà Sílẹ̀ Kí Òjò Tó Dé: Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Ìlú Wa

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, a kí yín o. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọdún tuntun yìí yóò yabo fún gbogbo wa.

Owó la fẹ́ tọrọ. Ó yẹ kí a tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ka ìwé yìí dé ìdajì kó tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. A fẹ́ fi owó náà ṣe asẹ́ onírin sí ẹnu gọ́tà ọjà níbi tó ti ń tú sínú odò, a fẹ́ kọ́ àtíbàbà onípáànù kan tí a ó ti máa kó ike àti ọ̀rá jọ, a sì fẹ́ máa san owó fún àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa gbá asẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa yọ owó lápò gbọ́dọ̀ mọ ìdí tó fi ń yọ ọ́. Ìdí tiwa kò mọ sí ìlú yìí nìkan, ó dé etí òkun.

Ní ìpàdé gbogbogbò tí a ṣe nígbà Kérésìmesì, a ní kí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan wá bá wa sọ̀rọ̀. Ọmọ bíbí ìlú yìí ni wọ́n, ìwádìí nípa òkun àti etí òkun sì ni iṣẹ́ wọn ní Èkó. (Wọ́n ní kí a má dárúkọ àwọn nínú ìwé yìí, pé iṣẹ́ ìlú ni, kì í ṣe tàwọn.) Àwọn àgbà kan ń bi ara wọn léèrè pé kí ni òkun kan àwa ará orí òkè. Ẹ̀gbọ́n wa kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n gbé àwo funfun kan sórí tábìlì, wọ́n da iyanrìn ẹ̀kúnwọ́ kan tí wọ́n bù ní etí òkun Èkó sí i, wọ́n wá fún Ìyálọ́jà ní ẹ̀mú kékeré pé kí wọ́n ṣa ohun tí kì í ṣe iyanrìn kúrò níbẹ̀. Màmá ṣa èyí tó pupa, wọ́n ṣa aláwọ̀ búlúù, wọ́n ṣa fọ́nrán okùn àwọ̀n, wọ́n tún ṣa àwọn funfun kan tó rí roboto bí ẹyin ẹja. Ike ni gbogbo rẹ̀. Àwọn roboto yẹn ni àwọn ilé iṣẹ́ máa ń yọ́ kí wọ́n tó fi rọ bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ìgò; inú ọkọ̀ ojú omi àti àgbàlá ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń dà sílẹ̀. Èyí tó kù ti fìgbà kan jẹ́ kúlà, abọ́, ọ̀rá àti ìdérí ìgò.

Màmá bèèrè pé, “Ṣé èyí náà á jẹrà tó bá yá?”

Ẹ̀gbọ́n wa ní, “Rárá, mà. Ṣe ni yóò máa kéré sí i.”

Ìdáhùn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò dáadáa. Oòrùn á sá ike títí yóò fi gbẹ, ìgbì á máa gbá a mọ́ iyanrìn àti òkúta, á fọ́, á tún fọ́, síbẹ̀ ike náà ni. Èyí tí kò bá ti tó mìlímítà 5 ni àwọn onímọ̀ ń pè ní microplastic. Ọdún 2004 ni Richard Thompson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Plymouth, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé tó mú kí ayé bẹ̀rẹ̀ sí í fojú sí i. Ẹja ń gbé e mì, ìgbín omi ń gbé e mì. Ìjàpá òkun tiẹ̀ máa ń gbé odindi ọ̀rá mì, nítorí pé bó ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú omi ni oúnjẹ rẹ̀ kan náà ṣe ń ṣe.

Àwọn tó ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2017 sọ pé láti ìgbà tí ayé ti ń ṣe ike títí di 2015, ó ti tó bílíọ̀nù 8.3 tọ́ọ̀nù. Nínú èyí tó ti di pàǹtí, nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 péré ni wọ́n tún yọ́ lò. Ìyókù wà lórí ààtàn, wọ́n sun díẹ̀, díẹ̀ wà nínú igbó, díẹ̀ wà nínú omi.

Báwo ló ṣe wá dé òkun? Odò ló ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn odò ńláńlá díẹ̀ láyé ló ń ṣe é. Ìwádìí tó jáde ní 2021 yí èrò yẹn padà: odò tó lé ní 1,000 ló ń pín ìdá 80 nínú 100 ohun tí odò ń gbé wọ òkun ṣe, àwọn odò kéékèèké tó gba àárín ìlú kọjá sì pọ̀ nínú wọn. Èyí ló kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ Èkìtì wo ni kò mọ̀ pé Ìgèdè-Èkìtì ni Odò Ọ̀sun ti sun? Ibẹ̀ ló ti gbéra, ó kọjá ní Òṣogbo níbi tí gbogbo ayé ti ń wá wo igbó rẹ̀, ó sì ń ṣàn lọ bọ́ sínú Ọ̀sà Lẹ́kì. Ọ̀sà Lẹ́kì so mọ́ Ọ̀sà Èkó, Ọ̀sà Èkó sì ṣí sí òkun. Odò ẹ̀yìn ọjà wa tí a ń fo kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ọ̀sun ló ń bá lọ. Ní 2024, àwọn onímọ̀ tí àwọn kan nínú wọn wà ní Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ gbé ìwádìí jáde pé ike wẹ́wẹ́ yìí ti pọ̀ gan-an nínú omi Ọ̀sun, nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti nínú ẹja rẹ̀. Àwa la wà lókè odò. Ohun tí ará ìsàlẹ̀ ń mu, ọwọ́ wa ló ti ń bọ̀.

Ẹ rántí àgbàrá tó wọ ìsọ̀ àwọn aláṣọ lọ́jọ́ ọjà nígbà òjò tó kọjá. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú ojú afárá, ọ̀rá ló dí i pa. Ìpele lórí ìpele ni, ẹrẹ̀ ló so wọ́n pọ̀, ṣọ́bìrì kò ràn án, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á ya. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fa ọ̀rá píọ̀wọ́tà ilé iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé tipẹ́ nílùú yìí jáde. Àwọn ọmọ tó ń kàwé gírámà lónìí kò mọ̀ pé irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà rí. Wọ́n fi omi ṣan ọ̀rá náà, orúkọ tó wà lára rẹ̀ hàn ketekete, nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ kò pa rẹ́. Èyí tó há sí abẹ́ afárá nìyẹn o. Èyí tí kò há ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n wa tún sọ̀rọ̀ nípa Ayétòrò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ìpínlẹ̀ kan náà ni àwa àti wọn títí di ọdún 1996 tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó. Òkun ti gba ilé lọ́wọ́ wọn, ó gba òpópónà, ó sì ń bọ̀ síbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rá wa ló gbé òkun wọlé tọ̀ wọ́n lọ, ẹ má ṣì wá gbọ́. Ayé tó ń gbóná ń mú kí òkun ga sí i, àwọn ìdí mìíràn náà sì wà. Ṣùgbọ́n létí omi iyọ̀, àwọn igi kan wà tí gbòǹgbò wọn yọ síta láti mí. Wọ́n ń di ilẹ̀ mú, wọ́n ń dín agbára ìgbì kù, abẹ́ wọn sì ni ọmọ ẹja ń fara pamọ́ sí títí yóò fi dàgbà. Bí ọ̀rá bá wé mọ́ gbòǹgbò náà, kò ní lè mí mọ́, igi á sì kú díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n wa ni kí irú igi bẹ́ẹ̀ má baà tán létí òkun wa. Wọ́n ní bí àwọn bá kó pàǹtí létí omi láàárọ̀, odò á tún ti gbé òmíràn dé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn, pé ọmọ wa ń gbá ilẹ̀ nísàlẹ̀, àwa ń da ilẹ̀ sí i lókè.

Àwa náà kúkú ń jẹ nínú òkun. Títù, kọ́tẹ̀, ṣáwá àti páńlá tí a fi ń se ọbẹ̀ tí a fi ń jẹ iyán, kò sí ìkankan nínú wọn tó ti inú odò Èkìtì wá.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Wẹ́dà ìlú wa ni yóò ṣe asẹ́ náà, wọ́n ti wọn ẹnu gọ́tà, wọ́n sì ti gbà láti má gba owó iṣẹ́, owó irin nìkan ni a ó san. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà ti dá tiwọn ṣáájú ẹnikẹ́ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn púpọ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nílé, ₦5,000. Àwọn ẹ̀ka Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá, ₦15,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, a ń bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ó dín ní 50 owó ibi tí ẹ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní san nǹkan kan, iṣẹ́ ọwọ́ wọn la fẹ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó má wo iye tí a kọ. Ẹni tí nǹkan kò sì rọrùn fún, kó mú èyí tó bá wà lọ́wọ́ wá, kò sẹ́ni tí yóò bi í.

Àwọn kan ti bi wá pé ṣé kì í ṣe ìjọba ló yẹ kó ṣe èyí. Ìwé wa ti lọ síbi tó yẹ, a ó sì máa tẹ̀ lé e. Òjò kò ní dúró de èsì. Àwọn mìíràn ní kí a kọ́kọ́ gbẹ́ bọ̀hó. Bọ̀hó dára, ó wà nínú ètò ọdún tó ń bọ̀, àmọ́ kànga mélòó ló wà létí odò yẹn tí àwọn ìyá wa ṣì ń fa omi rẹ̀?

Ike tí asẹ́ bá mú àti èyí tí ilé kọ̀ọ̀kan bá kó wá ni a ó máa tà fún àwọn tó ń fi kílò rà á ní Adó. Owó rẹ̀ la ó fi máa san owó àwọn agbálẹ̀, kí a má baà tún máa dá owó lọ́dọọdún. Nípa abọ́ funfun fífúyẹ́ (styrofoam) tí àwọn olóúnjẹ fi ń bu oúnjẹ fún oníbàárà, ìjọba Èkó ti fòfin dè é láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Ìgbìmọ̀ ń bá àwọn olóúnjẹ wa sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n padà sí ewé. Ewé eéran kò wọ́n wa nílùú yìí. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà yóò máa bu omi odò sínú ìgò lóṣooṣù, ẹ̀gbọ́n wa yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì máa lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á.

Inú àkáǹtì ẹgbẹ́ tí a ti ń san owó oṣù ni kí ẹ sanwó sí, kí ẹ kọ “odò” síwájú orúkọ yín. Akápò yóò fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí yín. Kí owó ti pé kí oṣù Èrèlé tó parí. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Ẹrẹ́nà ni iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀. Ẹni tó bá wà nílé, kó mú ṣọ́bìrì àti bàtà òjò wá sí ẹ̀yìn ọjà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́,
lórúkọ ìgbìmọ̀ alákòóso.