Yíyọ Lítíọ̀mù Kò Sọ Omi Ìdọ̀tí Di Mímọ́

Sí Olóòtú,

Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde lórí lítíọ̀mù (irin fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì) inú omi ìdọ̀tí tó ń bá gáàsì jáde láti abẹ́ ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tó dára ni ẹ ṣe, àmọ́ n kò fara mọ́ ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé yíyọ lítíọ̀mù yìí ni yóò sọ omi náà di mímọ́.

Pé èrè wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Ìwádìí tó jáde ní 2024 lórí àpáta Marcellus, àpáta abẹ́ ilẹ̀ tí gáàsì náà ti ń jáde, fi hàn pé lítíọ̀mù inú omi yìí lè kájú ohun tó lé ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí Amẹ́ríkà ń lò lọ́dún. Ṣùgbọ́n lítíọ̀mù inú lítà omi kan kò tó gíráàmù kan, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ inú lítà kan náà lè ju ti omi òkun lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, rédíọ̀mù tí ìtànṣán rẹ̀ léwu sì tún wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà yọ ọ́ ni pé wọ́n á kọ́kọ́ sẹ́ epo àti ìdọ̀tí kúrò, wọ́n á wá darí omi náà gba inú àgbá gíga tó kún fún hóró wẹ́wẹ́ tí lítíọ̀mù ń lẹ̀ mọ́. Omi tó mọ́ ni wọ́n á sì fi ṣan án kúrò lára hóró náà (ìyẹn pàápàá, owó ni). Ìyókù á ṣàn jáde tòun ti iyọ̀ rẹ̀.

Ìyókù yẹn gan-an ni wàhálà. Títí di 2011, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń gbé irú omi ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń da omi sódò, kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Lónìí, wọ́n ń tún èyí tó pọ̀ jù lò láti fi fọ́ àpáta ní kànga tuntun, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ńlá gbé òmíràn lọ sí ìpínlẹ̀ Ohio tó wà nítòsí, níbi tí wọ́n ti ń gba inú kànga jíjìn tì í sísàlẹ̀ ilẹ̀. Irú kànga bẹ́ẹ̀ kan ló fa ìmìtìtì ilẹ̀ ní ìlú Youngstown, ní Ohio, ní 2011. Ọjọ́ tí kànga tuntun bá dín kù, omi tó nílò ibi ìdàsí yóò pọ̀ sí i, yálà wọ́n ti yọ lítíọ̀mù inú rẹ̀ tàbí wọn kò yọ ọ́.

Nítorí náà, ó yẹ kí ìwé àṣẹ tí ìjọba bá fún ẹnikẹ́ni láti yọ lítíọ̀mù sọ ibi tí omi tó ṣẹ́kù ń lọ àti ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tún gbólóhùn yẹn ṣe nínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní Pittsburgh.