Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: nítorí omi pápá gọ́ọ̀fù wa àti owó tuntun

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí o.

A ti rí gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń kọ sórí WhatsApp, pé fairway (koríko tẹ́ ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù gbà lọ sídìí ihò) ti gbẹ fúrúfúrú, pé kí la ń fi owó yín ṣe tá a tún wá ń fowó lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu wa náà.

Onírin ni páìpù abẹ́ pápá yìí, àwọn tó ni ibẹ̀ ṣáájú wa ló rì í mọ́lẹ̀, ó ti dógùn-ún. Tá a bá lẹ ibì kan lónìí, ibòmíì á bẹ́ lọ́la. Ìyẹn ṣì kéré o. Orí sprinkler, ìyẹn ẹnu tó ń yí tó sì ń fọ́n omi sí koríko, ló ń dùn mí jù. Òkè òkun ló ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, ẹ̀yin náà mọ bí dọ́là ṣe fò látìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023. Ẹni tó ń tà á fún wa gbowó tán, ló bá ní owó ọjà ti lé, ká fi kún un, a fi kún un, ó wá kó èyí tí kì í yí wá, ojú kan ló ń da omi sí, ibẹ̀ di ẹrẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gbẹ. Mo pè é, kò gbé e. Ẹni tá a jọ ń ṣe é bọ̀ látọjọ́ yìí!

Iná ńkọ́? Òru la máa ń fọ́n omi, torí oòrùn àti atẹ́gùn ọ̀sán á gbé púpọ̀ nínú ẹ̀ lọ. Band A, ìpele iná àwọn tó ń rí iná jù, tí wọ́n gbé dé 225 náírà fún kilowatt-hour kan ní oṣù kẹrin 2024, òun ni pọ́ǹpù wa ń jẹ, tí wọ́n bá múná lọ, ó di dísù.

Ìdí nìyẹn tá a fi ń bomi rin green (koríko kúkúrú tó yí ihò ká) nìkan báyìí, kì í ṣe ahun. A máa ń gé koríko orí green mọ́lẹ̀ débi pé gbòǹgbò ẹ̀ ò jinlẹ̀, oòrùn ọjọ́ mélòó kan ti tó pa á. Ti fairway ò kú, ẹ jẹ́ kí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ ná. Lókè Ọya lọ́hùn-ún, iyanrìn tí wọ́n po epo mọ́ ni wọ́n ń lò níbòmíì dípò green, wọ́n sì ń gbá gọ́ọ̀fù wọn lọ, ẹnikẹ́ni ò bú wọn.

A ti ń pààrọ̀ páìpù sí oníke díẹ̀díẹ̀. Ihò 7 sí 9 ò ní ṣí lọ́jọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ló máa gorí owó ìwọlé láti oṣù tó ń bọ̀, ẹni tó ti san tọdún sílẹ̀, kò kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jágbe mọ́ àwọn kádì tó ń bá yín gbé igi gọ́ọ̀fù, àwọn kọ́ ló fowó kún un.

Ẹ bá sì mọ ibi tí wọ́n ti ń ta orí sprinkler gidi, ẹ fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí mi.