Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Iná Tí Wọ́n Já àti Ilé Tí Wọ́n Ní Kí A Kó Jáde

Sí Ọ̀gá Àgbà àti gbogbo Ọmọ Ìgbìmọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwa ni oníṣẹ́ ọnà àti oníṣẹ́ ọwọ́ mẹ́rìnlá tí a jọ ń lo ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ lójú ọ̀nà etíkun, èyí tí ẹ fi háyà fún wa láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ẹ mọ̀ wá dáadáa. Bí àlejò bá dé ìhà ìwọ̀-oòrùn Írẹ́lándì níbí, tó ní kí wọ́n fi ohun tí ìlú wa fi ń yangàn han òun, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa ń júwe fún un. Ife tí ẹ fi ń mu tíì ní yàrá ìpàdé yín pàápàá, amọ̀kòkò wa ló mọ ọ́n.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, òṣìṣẹ́ yín méjì dé, wọ́n ní àwọn wá yẹ wáyà wò. Wọn ò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Wọ́n já iná nídìí mítà, wọ́n bá tiwọn lọ. Láti ìdájí ni ààrò ìsunkòkò wa ti ń gbóná bọ̀. Ó ti dé 1,100 ní ìwọ̀n Celsius, 1,250 ló sì yẹ kó dé kí oje dídán ara ìkòkò tó yọ́. Kò yọ́. Nígbà tí a ṣí ààrò lọ́jọ́bọ̀, ìkòkò àti abọ́ méjìlélọ́gọ́ta ló ń họni lọ́wọ́ bíi yanrìn. Ẹnìkan ní ọ́fíìsì yín sọ fún wa lórí fóònù pé ṣebí a lè tún wọn sun. A dúpẹ́ fún ìmọ̀ràn náà. Iná wo ni ká fi sun wọ́n?

Lọ́jọ́ Ẹtì ni lẹ́tà yín wá dé. Ìlà márùn-ún ni. “Sí ẹni tó bá wà nínú ilé,” bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá tí a ti ń san owó ilé láìjẹ gbèsè, ẹ ò rí orúkọ pè wá. Ó ní kí a kó ẹrù wa jáde láàárín ọjọ́ 28, torí ẹ fẹ́ fi ilé náà ṣe nǹkan mìíràn. Nǹkan wo? Ẹ ò sọ.

Ẹ̀yin àgbà, ẹrù wa kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń dì sínú báàgì. Inú yàrá ni ahunṣọ wa ti to òfì rẹ̀, kò lè gba ẹnu ọ̀nà. Aṣọ tweed, aṣọ nínípọn tí a fi irun àgùntàn hun, tí oníbàárà ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀ ló sì wà lórí rẹ̀ báyìí. Àfi ká gé òwú náà dànù ká tó lè tú òfì. Ẹ forí jin èmi akọ̀wé tí mo bá mẹ́nu ba tèmi: ọmọ aláró Abẹ́òkúta ni mí, iná ló sì ń bá mi mú ìkòkò aró lọ́wọ́ọ́rọ́ ní ilẹ̀ òtútù yìí. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aró náà ò mú aṣọ mọ́.

A ò fẹ́ fi òfin bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé Òfin Iṣẹ́ Ọnà ọdún 2003 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ ọnà ní àgbègbè rẹ̀, kó sì mú ètò náà ṣẹ. Àwòrán ilé wa yìí lẹ lẹ̀ mọ́ iwájú ìwé ètò tiyín. Lọ́dún 2022, ìjọba ní Dublin bẹ̀rẹ̀ sí í fún 2,000 oníṣẹ́ ọnà ní Yúrò 325 lọ́ọ̀sẹ̀ kí wọ́n má baà fiṣẹ́ sílẹ̀. Méjì nínú wa wà lára àwọn tó gbà á. Ṣé ojú títì ni kí wọ́n ti máa ṣiṣẹ́ ọ̀hún?

Ní ti òrùlé tó ń jò àti pátákó ojú ọ̀nà tí ìjì wó, a ti kọ̀wé tẹ́lẹ̀. A ò ní fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ dá iná padà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ fa lẹ́tà ọjọ́ 28 náà sẹ́yìn, kí ẹ sì pè wá jókòó kí ẹ tó ṣe ìpinnu mìíràn.

Culture Night, alẹ́ ọdọọdún tí wọ́n fi ń ṣe àfihàn àṣà àti iṣẹ́ ọnà káàkiri Írẹ́lándì, ń bọ̀ lóṣù Kẹsàn-án. Lọ́dọọdún la máa ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn àlejò yín lọ́fẹ̀ẹ́. Níbi ìpàdé wa lọ́jọ́ Àìkú, àwọn kan ní ká tì í pa lọ́tẹ̀ yìí, ká sì lọ to ìkòkò méjìlélọ́gọ́ta náà sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yín níṣojú àwọn oníròyìn. Àwa olóyè la bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn gbà títí di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀.

Àwa ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Alága, Akọ̀wé àti Akápò
(lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́)

Àwọn ìkòkò náà wà ní gbọ̀ngàn bí ẹ bá fẹ́ wá wò wọ́n. Ọ̀sán ni kí ẹ wá o, torí kò síná lálẹ́.