Nítorí Ohùn Bàbá Mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ náà kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. A ti tún òrùlé tí ó ń jò ní yàrá rẹ ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí òrùlé ni mo ṣe jókòó kọ ìwé yìí.

Àbúrò rẹ ni ó sọ fún mi, láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yóò gba oorun lójú mi, pé o ti ra fóònù tuntun, o sì fẹ́ fi ti àtijọ́ ta ẹnìkan lọ́rẹ. Mo bi í bóyá o ti kó ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kúrò, ó ní òun kò mọ̀. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀sẹ̀ yẹn, o kò gbé e. Èsì tí o fi ránṣẹ́ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: “Mo wà dáadáa.” Ṣé báyìí ni ọmọ ṣe ń dá bàbá rẹ̀ lóhùn?

Inú fóònù yẹn ni ohùn bàbá mi wà. Ìwọ nìkan ni o ronú láti gbà á sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì lágbára láti sọ̀rọ̀. Àwa ọmọ tí ó bí, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan àga ìjókòó fún lọ́kọ̀ọ̀kan, a ya fọ́tò rẹ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n fọ́tò kò lè sọ bí ó ti máa ń wúkọ́ díẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, tàbí bí ẹ̀rín rẹ̀ ti máa ń ṣáájú ibi tí ìtàn ti dùn, tí kò ní lè parí rẹ̀ mọ́, tí gbogbo wa yóò sì máa rẹ́rìn-ín ohun tí a kò gbọ́.

Má sọ fún mi pé a ó máa rántí rẹ̀. Èmi àti àwọn àbúrò mi méjèèjì ni òjò ká mọ́ ọ̀nà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí ó gbé ọ̀kan nínú wa sí èjìká la omi kọjá. Mo lè búra pé èmi ni, nítorí mo rántí bí irun orí rẹ̀ ṣe tutù lábẹ́ ọwọ́ mi. Àwọn àbúrò mi náà rántí irun yẹn. Ọdún pọ̀ tí à bá fi bi í léèrè, a kò bi í, nítorí iyàn náà dùn mọ́ wa ju ìdáhùn lọ. Nígbàkigbà tí ènìyàn bá rántí nǹkan, ó máa ń lẹ̀ ẹ́ díẹ̀, èyí tí ó lẹ̀ yẹn ni yóò sì rántí nígbà mìíràn.

Nítorí náà, fetí sílẹ̀. Bí bátìrì fóònù náà bá ti wú, má fi í sí iná mànàmáná rárá. Gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ń tún fóònù ṣe. Bí kò bá wú, ṣe ẹ̀dà ohùn náà sórí kọ̀ǹpútà àti sí ibòmíràn, kí o sì gbọ́ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan dé ìparí kí o tó gbà pé ó wà níbẹ̀. Kọ orúkọ bàbá àgbà àti ọjọ́ náà sí i. Ẹni tí o bá fún ní fóònù yóò pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sì ní jẹ̀bi. Èmi fúnra mi ti ba ti tèmi jẹ́: mo fi báírò kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìlà rẹ̀ sì yọ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ níwájú. Pẹ́ńsù àti ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó yẹ kí n lò.

Ṣé o ń sùn dáadáa? Ìyá rẹ ní ojú rẹ rù nínú àwòrán tí o fi ránṣẹ́.

Mo mọ ohun tí ó wà nínú ohùn náà, nítorí èmi náà wà níbẹ̀. Bàbá mi ń sọ ìtàn àga àkọ́kọ́ tí ó kàn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ wọlé, tí mo sì ní: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti sọ èyí fún wa tẹ́lẹ̀.” Ó dákẹ́. Ìwọ ni o ní: “Ẹ máa bá a lọ, bàbá àgbà, èmi kò tíì gbọ́ ọ.” Irọ́ ni o pa, o ti gbọ́ ọ ju gbogbo wa lọ. Lẹ́yìn tí ó kú, tí o gbé ohùn náà sí i fún wa, mo fà ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní kí o gé ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ kúrò. O wò mí, o kò fèsì. Láti ọjọ́ yẹn ni ìpè rẹ ti ń dínkù. Mo sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ni. Ìyá rẹ ní mo mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Èyí tí mo fọ́ ni mo fẹ́ kí o bá mi fi pamọ́. Ojú ń tì mí ni. Ní báyìí, èmi náà ń sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì fún àbúrò rẹ, mo sì ń rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ń bínú sí bàbá rẹ̀ yẹ kí ó sọ ọ́. A kì í fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ na òbí.

Má gé e. Bí o bá sì ti gé e nítorí pé mo ní kí o gé e, a jẹ́ pé èmi ni mo pa á rẹ́, kì í ṣe ìwọ. Bí ó bá ṣì wà, fi ránṣẹ́ sí mi bí ó ṣe wà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mi nínú rẹ̀, àti bí bàbá mi ṣe dákẹ́. Má fún ẹnikẹ́ni ní fóònù yẹn kí o tó pè mí. Bí ó bá tilẹ̀ di òru, pè mí; n kì í tètè sùn mọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ