Kọ Iye Tó Jẹ́ Gan-an Sínú Ìwé: Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Ayàwòrán

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Àkànní, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ara ìyá rẹ le, èmi náà wà dáadáa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olódùmarè. Ìyá rẹ ló sọ fún mi pé kámẹ́rà tuntun náà ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú lẹ́ǹsì gígùn tí o ti ń fojú sọ́nà fún, àti pé odindi èsúsú ọdún méjì ni o kó lé wọn lórí. Inú mi dùn, mo sì gbàdúrà pé kí o jèrè wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi kún un pé ìdajì iye wọn ni o fẹ́ kọ sínú ìwé adójútòfò, kí owó tí wàá máa san lọ́dọọdún lè fúyẹ́, oorun kò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí mo ti ṣe irú rẹ̀ rí.

O ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìjì ká òrùlé ilé-ìtẹ̀wé mi, tí òjò sì rọ̀ sórí ẹ̀rọ ńlá tí mo fi ń ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀rọ náà tó ₦2,000,000, ṣùgbọ́n ₦1,000,000 ni mo kọ sínú ìwé. Àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ ₦400,000, èyí tí kò tó iye tí mo kọ rárá, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò yóò san án pé. ₦200,000 péré ni wọ́n gbé kalẹ̀, wọ́n sì tún yọ iye tí àdéhùn sọ pé èmi fúnra mi ni yóò kọ́kọ́ fara mọ́ kúrò nínú rẹ̀. Mo bínú, mo sì pariwo, àfìgbà tí òṣìṣẹ́ wọn ṣí ìwé náà, tí ó sì fi ìka tọ gbólóhùn kan tí mo ti fọwọ́ sí láìkà á: ẹni tí ó bá kọ ìdajì iye dúkìá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbà láti ru ìdajì yòókù, ìdajì àdánù èyíkéyìí ni wọn yóò sì san fún un, ìbáà jẹ́ kékeré, ìbáà jẹ́ ńlá.

Nítorí náà, kọ ọ́ pé. Ní ti kámẹ́rà rẹ àtijọ́, iye tí wọ́n ń tà á lónìí ni kí o wò, kì í ṣe iye tí o rà á nígbà náà, nítorí ọjà òkè òkun kì í dúró sójú kan bí náírà bá ń já wálẹ̀. Bi ilé-iṣẹ́ adójútòfò pẹ̀lú bóyá iye tí wọ́n ń ta tuntun ni wọn yóò san, tàbí wọn yóò yọ iye tí ó ti dín nítorí ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò.

Èyí tí ó tún ń bà mí lẹ́rù ni irú adójútòfò tí o fẹ́ gbà. Èyí tí ó wà fún ìfọ́lé ní sítúdíò rẹ ní Ṣágámù kò ní tẹ̀ lé kámẹ́rà dé Ìjẹ̀bú-Òde, àti ní sítúdíò náà pàápàá, wọ́n sábà máa ń béèrè pé kí wọ́n rí ojú ibi tí olè ti já ilẹ̀kùn. Èyí tí wọ́n ń pè ní All Risks ni kí o béèrè, kí wọ́n sì kọ ọ́ kedere pé ó bo ìrìn àjò, ìjábọ́ àti olè níta. Má fi pa mọ́ fún wọn pé iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ ni, àti pé o máa ń yá lẹ́ǹsì lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Kámẹ́rà tí a fi sílẹ̀ nínú mọ́tò tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í san owó rẹ̀. Rí i dájú pé NAICOM, àjọ ìjọba tí ń ṣàbójútó iṣẹ́ adójútòfò, fún ilé-iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ, kí o sì san owó rẹ kí o tó gbé kámẹ́rà jáde, nítorí òfin ilẹ̀ wa kò mọ adójútòfò tí a kò tíì san owó rẹ̀.

Kọ nọ́ńbà tí ó wà ní ìdí kámẹ́rà àti lára lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ya àwòrán wọn pẹ̀lú rìsíìtì, kí o sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi. Bí nǹkan bá sọnù, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun kan wà tí kò sí adójútòfò tí yóò san án. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo yọ lẹ́ǹsì kámẹ́rà tí mo fi ya àwòrán ìsọmọlórúkọ rẹ láti inú àpò awọ rẹ̀, mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Okùn funfun tín-ín-tín ti hù sínú dígí náà láti etí dé àárín, bí òwú aláǹtakùn. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ló fà á, àpò awọ tí mo rò pé ó ń dáàbò bò ó ló sì há ọ̀rinrin náà mọ́ inú. Kó tìrẹ sínú ike tí ìdérí rẹ̀ ń dé pa pẹ̀lú silica gel tí ń fa ọ̀rinrin mu, kí o sì ra ohun tí a fi ń wọn ọ̀rinrin, kí ó máa wà láàárín 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní Ojúde Ọba tí ń bọ̀, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ìwọ náà mọ bí eruku ṣe máa ń sọ nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Balógun bá ń sáré wọlé. Má ṣe yọ lẹ́ǹsì lójú eruku náà. Fi lẹ́ǹsì gígùn sára kámẹ́rà tuntun, fi kúkúrú sára ti àtijọ́, kí o sì gbé okùn àwọn méjèèjì kọ́ àyà, má gbé e kọ́ èjìká.

Mú ìwé náà wá sílé lọ́jọ́ Sátidé kí o tó fọwọ́ sí i. Èmi yóò wọ awò mi, a ó jọ ka àwọn lẹ́tà wínníwínní ẹ̀yìn rẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá ju agbára rẹ lọ, èmi yóò san ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan lọ́dún àkọ́kọ́ yìí.

Èmi ni bàbá rẹ.