Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi fọwọ́ kan ilẹ̀
Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Àkúrẹ́ níbí ń dùn mí gan-an, inú yàrá ni wọ́n ń há wọn mọ́ látàárọ̀ tí wọ́n á máa ké ABC, wọ́n sì ti fi kọnkéré bo ilẹ̀ ìta. Froebel tó bẹ̀rẹ̀ irú ilé ìwé yìí ní Jámánì lọ́dún 1837, ọgbà ló ní káwọn ọmọ máa dá. Ẹ fún ọmọ ní hóró àgbàdo kan kó gbìn ín, á máa lọ yọjú wò ó láràárọ̀ títí á fi hù, á ka ewé ẹ̀, ṣé ìyẹn kì í ṣe ìṣirò ni? Ẹ̀yin òbí, taṣọ bá dọ̀tí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bá tíṣà jà. Kíjọba náà má fọwọ́ sí ilé ìwé tí ò nílẹ̀ táwọn ọmọ lè fẹsẹ̀ tẹ̀.