Ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnì o: èsì fún ẹni tí kóòdù P1349 yọ lára Corolla ẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o.

Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló mú mi kọ̀wé, èyí tí arákùnrin kan ti ní iná ẹ́ńjìnì tàn nínú Corolla òun, wọ́n síkáànì ẹ̀, kóòdù P1349 ló yọ, mẹkáníìkì ẹ̀ wá ní taimíńgì ti bàjẹ́, kó lọ wá owó ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ wá. Bí mo ṣe kà á tán báyìí ni mo pariwo, ìyàwó mi sáré jáde láti kíṣìnì pé kí ló dé, mo ní wọ́n tún fẹ́ jẹ owó ẹlòmíì ni. Àìsàn tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe. Ohun tí wọ́n sọ fún un yẹn náà ni wọ́n sọ fún mi lọ́dún tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí n lọ yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa torí ẹ̀.

Kẹ́ ẹ lè mọ̀, èmi kì í ṣe mẹkáníìkì o, tísà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, Corolla 2004 ni mò ń wà, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE tó ní VVT-i ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn ètò tí Toyota fi ń yí àsìkò tí ìlẹ̀kùn atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnì ń ṣí padà. Lọ́jọ́ kan mo ń gun òkè Mọ́kọ́lá lọ, èmi àti ìyàwó mi pẹ̀lú àpò gàrí méjì péré, mọ́tò ò lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, ariwo lásán ló ń pa, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń yà mí sílẹ̀. Tá a bá sì dúró nínú gó-sílóò, slow ẹ̀ á máa lọ sókè sódò, gbogbo ara mọ́tò á máa gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Kí n tó délé, iná ẹ́ńjìnì ti tàn.

Ọmọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ síkáànì ni mo kọ́kọ́ pè. Ihò kan wà lábẹ́ sítíárì tí wọ́n ń ki ẹnu ẹ̀rọ yẹn bọ̀, gbogbo mọ́tò kékeré tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní in. Ó ki ẹ̀rọ ẹ̀ bọ̀ ọ́, P1349 yọ, ó tẹ nọ́ńbà yẹn sórí fóònù ẹ̀, kò tiẹ̀ kọ Toyota mọ́ ọn, ó ka ohun tó rí níbẹ̀, ó ní "Daddy, sẹ́ńsọ̀ camshaft ni." Ohun tí kò mọ̀, tí èmi náà ò mọ̀ nígbà yẹn, ni pé kóòdù tó bá fi P0 bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo mọ́tò jọ ń lò, ti P1 yìí, ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ló fún un nítumọ̀. P1349 ti Toyota, ọ̀rọ̀ VVT ni, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà kan náà lára mọ́tò ilé iṣẹ́ míì, ó lè jẹ́ nǹkan míì pátápátá. Àwọn Toyota tó jáde lẹ́yìn tiwa, P0011 àbí P0012 lẹ máa sábà rí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Mo lọ sí Gate, mo ra sẹ́ńsọ̀ Belgium, tòkunbọ̀ nìyẹn, N15,000, ó pààrọ̀ ẹ̀, ó pa kóòdù rẹ́, iná kú. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń yin ọmọ yẹn káàkiri àdúgbò. Lọ́jọ́ kẹta iná tún tàn. Mo pè é, ó ní "Á jẹ́ pé brain box ni, Daddy," ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì. Mo fi í sílẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀, ó ní ọmọ iṣẹ́ bíi mẹ́fà, kò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó kàn gbọ́ P1349 báyìí ló ní ṣéènì taimíńgì inú ẹ́ńjìnì ti fà, pé dípò ká máa tú u, ká kúkú ra ẹ́ńjìnì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, kóòdù nìkan ni ọkùnrin yẹn gbọ́ tẹnu ẹ̀ tó fi dájọ́ ikú fún ẹ́ńjìnì mi.

Bàbá kan l'Ìwó Road ló bá mi yanjú ẹ̀. Bàbá yẹn ò lè ka òyìnbó, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ló ń bá a ka kóòdù, àmọ́ ẹ ò rí nǹkan! Mo ní P1349, kò dá mi lóhùn, ó ní kí wọ́n fa géèjì ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì ò dé ìlà ìsàlẹ̀, ó dúdú bí àdín àgbọn tó jóná. Ó bi mí pé "Tísà, ọ́ìlì wo lẹ ń lò?" Mo ní 20W-50, torí ẹni tó ń tà á fún mi ní mọ́tò tó bá ti dàgbà, ọ́ìlì tó ki ló bá a lára mu. Bàbá kàn mi orí ni. Ó ní kí n lọ wo ìwé tó bá mọ́tò yẹn wá, 5W-30 tó ṣàn ju tèmi lọ ni wọ́n kọ síbẹ̀, òótọ́ sì ni, mo délé mo wò ó.

Ibi tó ti ṣàlàyé fún mi ni mo ti wá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Crankshaft, ọ̀pá tí pístìnnì ń yí, wà nísàlẹ̀, camshaft, ọ̀pá tó ń ṣí ìlẹ̀kùn ẹ́ńjìnì, wà lókè, ṣéènì ló so wọ́n pọ̀ kí wọ́n má baà ṣìnà fún ara wọn. Àmọ́ lẹ́nu camshaft tó ń ṣílẹ̀kùn fún atẹ́gùn, Toyota fi gíà kan síbẹ̀ tí inú ẹ̀ jẹ́ yàrá yàrá, tí ọ́ìlì bá wọ inú ẹ̀ á ti camshaft síwájú díẹ̀ kí ìlẹ̀kùn yẹn lè tètè ṣí, ìyẹn ló ń jẹ́ kí mọ́tò lágbára lórí òkè, tí kì í sì í jẹ epo jù. Ta ló ń ṣí ọ̀nà fún ọ́ìlì? Fáàfù kékeré kan ni, OCV ni wọ́n ń pè é, iná ló fi ń ṣiṣẹ́, brain box ló sì ń pàṣẹ fún un. Lẹ́yìn tí brain box bá pàṣẹ tán, á wo sẹ́ńsọ̀ camshaft àti ti crankshaft bóyá nǹkan yí. Tí kò bá yí, P1349. Bàbá ní brain box dà bí ìyálé tó rán ọmọ lọ ra iyọ̀ tọ́mọ ò dé, kò mọ̀ bóyá ọmọ ò gbọ́ ni o, bóyá ọ̀nà ló dí ni o, bóyá ṣe ló ń ṣeré níbì kan, ohun tó mọ̀ ò ju pé kò sí iyọ̀ nínú ọbẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, sẹ́ńsọ̀ tí mo ra N15,000 yẹn, òun ló ń sọ òótọ́ fún brain box láti ìbẹ̀rẹ̀!

Ohun tó wá ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí arákùnrin yẹn fara balẹ̀ kà dáadáa. Ó fọn ẹ́ńjìnì títí ó fi gbóná, ó fi í sílẹ̀ lórí slow, ó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì OCV kúrò, ó wá fi wáyà méjì gbé iná bátìrì sí OCV tààrà, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré o, kó má baà jóná. Ó ní tí ara VVT bá dá, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ gbọ̀n tàbí kó kú lójú ẹsẹ̀, torí a ti ti camshaft síwájú lásìkò tí kò yẹ. Tiwa ń lọ rọ́rọ́ bíi pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìyẹn nìkan ti yọ brain box nínú ẹjọ́, torí bátìrì la fi pàṣẹ, iṣẹ́ ò sì jẹ́. Ó kù lọ́wọ́ OCV fúnra ẹ̀, tàbí ọ̀nà ọ́ìlì, tàbí gíà.

Ó pa ẹ́ńjìnì, ó tú OCV, bóòtì kan ṣoṣo ló dì í mú. Ó fi mítà wọ̀n ọ́n, 7.4 ohm, 6.9 sí 7.9 ni Toyota fẹ́ (ní 20°C o, tiwa ní Ìbàdàn gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà tó bá fi díẹ̀ lé, ẹ má bẹ̀rù), ìyẹn ni pé wáyà inú ẹ̀ ò já. Ó tún fi bátìrì kàn án lọ́wọ́, ọ̀pá inú ẹ̀ yẹ kó ta kìjí jáde kó sì padà, tiwa sún díẹ̀ ó há sáàárín. Wọ́n fi carburetor cleaner fọ̀ ọ́, ìdọ̀tí dúdú tó jáde lára ẹ̀, ẹ máa rò pé ọ̀dà ni. Kò tán síbẹ̀ o. Bóòtì ńlá kan wà lára tọ́ọ̀pù sílíńdà níbẹ̀, fíltà kékeré bí ìka ọwọ́ ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni ò mọ̀ pé ó wà, a tú u, ó dí pa bí asẹ́ tí wọ́n fi sẹ́ ògì tí wọn ò fọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ibẹ̀ lọ́ìlì ń gbà kọjá! Wọ́n fọ òun náà, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà roboto tó wà lọ́rùn OCV, wọ́n da ọ́ìlì burúkú yẹn nù, wọ́n fi 5W-30 àti fíltà tuntun sí i. Ẹ jọ̀ọ́, lítà 3.7 ni ẹ́ńjìnì yẹn ń gbà tòun ti fíltà, kí wọ́n má da gbogbo kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin sí i o.

A tún fi bátìrì dán an wò. Ẹ́ńjìnì húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Àyà mi já, mo ní yéè, wọ́n ti ba mọ́tò mi jẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín, Bàbá ní "Tísà, ikú yìí la ti ń wá látàárọ̀."

Gbogbo ohun tí mo ná lọ́jọ́ náà ò tó ìdajì iye tí wọ́n dá lé ẹ́ńjìnì.

Mi ò sọ pé ṣéènì kì í fà o. Tó bá jẹ́ pé láràárọ̀, tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná sí i, ẹ ń gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ níwájú ẹ́ńjìnì bí ẹni ń mi agolo òkúta, tàbí P1346 ló yọ (P0016 ni lára àwọn Toyota tó jáde lẹ́yìn tiwa), ìyẹn èyí tó ní camshaft àti crankshaft ò bára wọn mu mọ́, ó yẹ kí wọ́n ṣí i wò. Tàbí kí ẹnìkan ti tú ẹ́ńjìnì yẹn láìpẹ́, kó wá ṣi ṣéènì dè ní eyín kan, ìyẹn náà wà, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n dì í tán ni wàhálà á ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún méjì. Mo sì fẹ́ bi mẹkáníìkì arákùnrin yẹn: ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ rà yẹn, ṣé ṣéènì tiẹ̀ kì í ṣe àgbà ni? Fíltà kékeré yẹn tó wà lára ẹ̀, ta ló ti fọ̀ ọ́ rí?

Ohun kan ṣì kù tí mi ò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE, pàápàá àwọn tó jáde ṣáájú 2005, wọ́n mọ̀ ọ́n sí onímu-ọ́ìlì, ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára pístìnnì wọn kéré, tó bá dí, ọ́ìlì á máa jóná. Tèmi ń mu ún. Ìyẹn ló jẹ́ kó lọ sílẹ̀ tí mi ò mọ̀, torí mi ò kì í wo géèjì, àfi ọjọ́ tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì. Ní báyìí, gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mò ń fà á yọ wò kí n tó wẹ̀, lítà kan sì wà ní búùtù nígbà gbogbo, ìyàwó mi ní mò ń tọ́jú mọ́tò ju òun lọ. Láti oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo niná yẹn tún tàn, ọkàn mi ti fò lọ sí Ìwó Road, kó tó di pé mo rí i pé ìdérí táńkì epo ni ọmọ tó ta epo fún mi ò dé dáadáa.

Ẹ bá mi sọ fún arákùnrin yẹn kó fa géèjì ẹ̀ yọ lónìí.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn